ERÈ TÍ WỌ́N Ń JÚBÀ FÚN NÍ OUIDAH, INÚ DÚRỌ́Ọ̀ LÓ Ń GBÉ NÍ AMẸ́RÍKÀ!

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún àgbà ilé kan ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ọ̀fà pé àwọn èèyàn kan wà láyé tí wọ́n ń fi owó gidi ra ejò, tí wọ́n ń kan ilé fún un, tí wọ́n ń fa iná mànàmáná sí i nídìí kí òtútù má baà mú un, tí wọ́n sì ń ra eku fún un jẹ, ohun tí bàbá náà yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé orí wọn pé báyìí?" Lọ́dọ̀ tiwa, ejò tó bá wọlé, igi là ń wá. Kí ọmọdé tó ké "Ejò!" lẹ́ẹ̀kejì, àdá ti dé, òkúta ti dé, àwọn aládùúgbò ti pé jọ.

Ṣùgbọ́n òótọ́ pọ́ńbélé ni o. Ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì, àwọn èèyàn ń sin ejò bí a ti ń sin ajá àti ológbò. Ẹlòmíì ní ẹyọ kan péré, ẹlòmíì ní mẹ́wàá, àwọn tó sì sọ ọ́ di òwò lè ní ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá gbọ́ ná: níbo ni èèyàn yóò kó ọgọ́rùn-ún ejò sí nínú ilé tí ìyàwó àti ọmọ wà?

Inú dúrọ́ọ̀ ni! Wọ́n ń kan pẹpẹ gíga kan, ó rí bíi kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ilẹ̀kùn. Wọ́n á ti ike pẹlẹbẹ sí abẹ́ pẹpẹ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ti dúrọ́ọ̀ tábìlì, ejò kan nínú ike kan. Ráàkì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣe é tà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n, nítorí náà ọ̀pọ̀ olùsìn ejò ló ń fi ọwọ́ ara wọn kan tiwọn. Iṣẹ́ náà kò le fún ẹni tó mọ ayùn lò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kàn án láìdáa, ejò lè jóná nínú rẹ̀ láìsí ẹni tó gbọ́ igbe rẹ̀, ilé pẹ̀lú sì lè jóná.

ỌMỌ ILẸ̀ WA NI EJÒ NÁÀ

Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé ejò tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn dúrọ́ọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti Senegal títí dé Uganda ló ti ń gbé, Ghana, Togo, Benin àti Nàìjíríà sì wà lójú ọ̀nà náà. Python regius ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é, ìtumọ̀ regius lédè Látìn sì ni "ti ọba". Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní royal python. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn ń pè é ní ball python, nítorí pé bí ẹ̀rù bá bà á, ńṣe ni yóò ká ara rẹ̀ róbótó bíi bọ́ọ̀lù, tí yóò sì fi orí pamọ́ sí àárín. Ẹ jẹ́ ká pè é ní erè ọba.

Kì í ṣe erè ńlá tó ń gbé ẹran mì nínú oko o. Ti ìyẹn tún lọ́tọ̀. Ní 2012 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de kíkó erè ńlá ilẹ̀ Áfíríkà wọ orílẹ̀-èdè wọn, pa pọ̀ mọ́ erè Burma tó ti ya wọ irà Everglades ní Florida, tó ń jẹ àwọn ẹranko ibẹ̀ run. Erè ọba kò sí nínú òfin yẹn. Èyí kéré ní tirẹ̀. Abo rẹ̀ tó dàgbà kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5 lọ ní gígùn, akọ rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Kò ní oró, kò sì fẹ́ràn ìjà.

Ní ìlú Ouidah ní ilẹ̀ Benin, ilé òrìṣà kan wà tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti àwọn Kátólíìkì. Erè ọba ló kún inú rẹ̀. Dangbé ni àwọn Fon ń pe òrìṣà náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa erè ibẹ̀. Ẹni tó bá bá a nínú ilé rẹ̀ yóò rọra gbé e padà sí ojúbọ ni.

Ejò yìí kan náà ni àwọn olówò ń kó lọ sókè òkun. Láti 1975, ó ju mílíọ̀nù 3 lọ tó ti kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàyè, Togo, Benin àti Ghana ló sì ń kó wọn lọ jù. Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ló ń wú abo tó ti lóyún, tàbí ẹyin tó ti yé, láti inú ihò. Àwọn olówò á pa ẹyin náà, wọ́n á sì fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Kì í ṣe òwò fàyàwọ́ ní gbogbo ìgbà o. Àdéhùn CITES tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé fọwọ́ sí ní 1973 ló ń darí rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ.

Ní 1992 ni ọ̀rọ̀ náà wá gbòde kan. Ọ̀gbẹ́ni Bob Clark, ará Amẹ́ríkà, ló mú kí erè ọba àfín bí ọmọ àfín nínú ilé rẹ̀. Háà! Ejò funfun tó ní àmì ìyeyè àti ojú pupa! Láti ìgbà náà ni àwọn olùsìn ejò ti ń dá akọ pọ̀ mọ́ abo kí wọ́n lè rí àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ẹni tó ń wá àwọ̀ tuntun kò lè ní ejò kan ṣoṣo. Ó di dandan kí ó ní púpọ̀, ibẹ̀ sì ni ráàkì ti di ohun tí gbogbo wọn ń wá.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ DÚRỌ́Ọ̀?

Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní kí ló dé tí wọn kò kó ejò náà sínú àpótí onígíláàsì kí àwọn àlejò lè máa wò ó? Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú igbó, erè ọba kì í rìn káàkiri lọ́sàn-án. Inú ihò eku tàbí inú ọ̀gán tí ikán ti fi sílẹ̀ ló ń sùn sí. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó há, ó móoru, ó sì ní ọ̀rinrin. Bí wọ́n bá gbé irú ejò bẹ́ẹ̀ sínú gíláàsì tó mọ́lẹ̀ yòò, tí kò sí ibi tí yóò fara pamọ́ sí, tí ọmọ ń fọwọ́ gbá a lápá ọ̀tún, tí ajá ń gbó o lápá òsì, ẹ̀rù á máa bà á. Ejò tí ẹ̀rù ń bà kì í jẹun. Àwọn kan nínú wọn lè lo oṣù mélòó kan láìfi ẹnu kan eku.

Ike inú ráàkì yàtọ̀. Ó ṣókùnkùn díẹ̀, ooru kì í tètè jáde nínú rẹ̀, ọ̀rinrin kì í tètè gbẹ. Ó rọrùn láti fọ̀, ibi tí àpótí gíláàsì méjì yóò gbà sì lè gba ike mẹ́wàá. Owó iná kéré, owó pákó kéré. Ẹ rí i pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ìhò ọ̀gán ni wọ́n fẹ́ fi ike àti pákó ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí lè dé ilé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará wa tó wà lókè òkun. Ẹ jẹ́ ká fi í sí ilé Yorùbá kan ní Houston. Ọmọ á ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ejò ni mo fẹ́ fún ọjọ́ ìbí mi." Bàbá á dìde dúró: "Ejò kẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ẹ sí mi?" Ìyá á ti sá dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọmọ òyìnbó ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ejò wà nílé wọn, ọmọ náà kò sì ní dákẹ́. Bí bàbá bá gbà níkẹyìn, ó dára kí ó mọ ohun tí òun tẹ́wọ́ gbà. Ajá ń lo bí ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Erè ọba tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lo ọgbọ̀n ọdún. Kódà, ní ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà, abo erè ọba kan tí ẹnìkan fi ta wọ́n lọ́rẹ ní 1961 yé ẹyin 7 ní 2020, nígbà tó ti lé ní ẹni ọdún 60, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì fojú kan akọ láti ọdún 15 ó lé! Ọmọ á dàgbà, á fẹ́yàwó, ejò á ṣì wà lọ́rùn bàbá àti ìyá.

BÍ WỌ́N ṢE Ń KÀN ÁN

Ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ rà kì í ṣe pákó. Ike ni. Ẹni tó bá gé pákó kí ó tó ra ike dà bíi télọ̀ tó gé aṣọ kí ó tó wọn oníbàárà. Ike tó fẹ̀ tó sì pẹlẹbẹ ni wọ́n ń wá, irú èyí tí àwọn obìnrin ń kó aṣọ sí lábẹ́ ibùsùn. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà láti ilé iṣẹ́ kan náà. Ọlọ́gbọ́n á ra méjì lé sí i, nítorí bí ọ̀kan bá fọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó lè jẹ́ pé wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ìdérí ńkọ́? Wọn kò nílò rẹ̀. Pákó tó wà lókè ni yóò di ìdérí.

Lẹ́yìn náà ni pákó. Àwọn kan ń lo plywood tó nípọn, àwọn kan ń lo pákó funfun dídán tí wọ́n ń pè ní melamine. Melamine rọrùn láti nù, ṣùgbọ́n ó wúwo, bí omi bá sì gba etí rẹ̀ wọlé níbi tí ayùn ti gé e, á wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ etí náà pa. Plywood ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ títí òórùn ọ̀dà yóò fi tán pátápátá. Igi kan wà tí wọn kì í mú sún mọ́ ejò rárá: cedar. Ó ń ta sánsán, àwọn òyìnbó sì fẹ́ràn rẹ̀ fún àpótí aṣọ, ṣùgbọ́n òróró inú rẹ̀ ń ṣe ejò níbi.

Aṣírí iṣẹ́ náà wà nínú àlàfo tó wà láàárín ẹnu ike àti pákó òkè. Bí àlàfo náà bá fẹ̀ jù, ejò á jáde. Bí ó bá há jù, ike kò ní wọlé. Ẹ má fojú kékeré wo ejò: ibi tí orí rẹ̀ bá ti gbà, gbogbo ara á gbà. Nítorí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í gbára lé rúlà nìkan. Wọ́n á to pákó ìsàlẹ̀, wọ́n á gbé ike lé e lórí, wọ́n á fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ẹnu ike náà, wọ́n á wá gbé pákó kejì lé páálí yìí, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á ti de pákó náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú skúrù. Bí wọ́n bá fa páálí jáde, àlàfo tó kù tó kí ike máa yọ̀ wọlé, kò sì tó kí ọmọ ejò yọ orí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa gòkè, pẹpẹ kan lẹ́yìn èkejì. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, wọ́n ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́jọ ínṣì sílẹ̀ kó má baà há.

Iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Ejò lágbára ju bí èèyàn ti rò lọ. Ó lè fi imú ti ike síwájú lóru títí àyè yóò fi ṣí. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìdènà síwájú, ìbáà jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú gbogbo ike, ìbáà jẹ́ ìkọ́ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ráàkì pẹ̀lú, wọ́n ń kan igi tí kò ní jẹ́ kí ike ré kọjá.

Ihò afẹ́fẹ́ ló kù. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ lu ú, àwọn kan ń lo irin gbígbóná tí àwọn oníṣẹ́ rédíò fi ń jó òjé. Ẹni tó bá ń lo irin yìí gbọ́dọ̀ jáde síta, nítorí èéfín ike kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Láti inú ike ni wọ́n ti ń lu ihò bọ̀ síta, kí etí tó mú má baà wà nínú, kí ó má baà ya ejò lára. Ihò kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, kí ọ̀rinrin má baà tán. Kò sì gbọdọ̀ kéré jù, kí ilẹ̀ ike má baà máa tutù rinrin, nítorí ìyẹn ń dá egbò sí ejò ní ikùn.

Nínú ike, wọ́n á tẹ́ èèpo àgbọn tí wọ́n gún, tàbí ìwé ìròyìn tí wọ́n ti kà tán. Wọ́n á gbé abọ́ omi tó wúwo tí kò lè dà sí i. Wọ́n á sì fi ohun tí yóò fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ sí i pẹ̀lú. Àwọn kan ní ike fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ibi ìfarapamọ́. Àwọn tó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní rárá, bí èèyàn bá fa dúrọ́ọ̀ síta, ìhòòhò ni ejò wà.

OORU NI Ọ̀RẸ́, OORU NI Ọ̀TÁ

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti di ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú.

Ejò kò lè mú ara rẹ̀ gbóná bíi ti èèyàn. Ibi tó bá wà ló ń sọ bí ara rẹ̀ yóò ti rí. Bí ó bá fẹ́ kí oúnjẹ dà nínú rẹ̀, á lọ síbi tó móoru. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tó, á lọ síbi tó tutù. Nítorí náà, ike kan gbọ́dọ̀ ní ìpín méjì. Apá kan á wà ní nǹkan bíi dígírì 31 sí 33 lórí ìwọ̀n Celsius, apá kejì á wà ní bíi dígírì 24 sí 27. Bí gbogbo ike bá gbóná bákan náà, ejò kò ní ibi tí yóò sá sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá tutù, oúnjẹ á rà sí i nínú, òtútù á sì mú un ní àyà.

Ohun tí wọ́n fi ń mú un gbóná ni ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí iná mànàmáná ń gbà kọjá. Ó pẹlẹbẹ bíi bẹ́líìtì, waya sì wà ní etí rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n á gbẹ́ kòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára pákó kọ̀ọ̀kan níhà ẹ̀yìn, wọ́n á tẹ́ ọ̀já náà sínú rẹ̀ kí ike má baà máa họ ọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá ń fà á. Kò gbọdọ̀ gba ju ìdá mẹ́ta ìdí ike lọ, kí iwájú lè tutù. Wọn kì í ká a, wọn kì í ṣẹ́ ẹ po, wọn kì í gbé ọ̀kan lé èkejì. Ojú ibi tí waya ti pàdé ọ̀já gbọ́dọ̀ ní ìbòrí tó dáa, kí omi má kàn án.

Ṣùgbọ́n ọ̀já yìí kò lọ́gbọ́n lórí. Bí wọ́n bá ti pílọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ara ògiri, á máa gbóná ni títí yóò fi gbóná ju ohun tí ara ejò lè gbà lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo thermostat, ẹ̀rọ tó ń pa iná tó sì ń tàn án fúnra rẹ̀, irú èyí tó wà nínú áyọ́ọ̀nù aṣọ àti nínú fíríìjì. Thermostat ní ìrù kan tó gùn, orí ìrù náà ló fi ń mọ bí ooru ti pọ̀ tó. Wọ́n ń lẹ orí ìrù yìí mọ́ ọ̀já, láàárín ọ̀já àti ìdí ike.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí ìrù yẹn bá já bọ́ sílẹ̀ lóru, ilẹ̀ tútù ló ń fọwọ́ kàn. Á máa sọ fún ẹ̀rọ pé, "Ó ṣì tutù o, ẹ tún kó iná wá." Ẹ̀rọ á máa kó iná wá. Ọ̀já á máa gbóná, pákó á máa gbóná, ejò tó wà lórí rẹ̀ á máa sun. Nítorí ìrù ẹyọ kan tí wọn kò lẹ dáadáa, gbogbo ejò inú ráàkì lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó gbọ́n fi ń fi thermostat kejì ṣe ẹ̀ṣọ́ fún ti àkọ́kọ́: wọ́n á gbé e sí dígírì díẹ̀ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ti àkọ́kọ́ bá ya wèrè, èkejì á gé iná náà. Owó rẹ̀ kò tó owó ejò kan.

Bí gbogbo ẹ ti parí, wọn kì í kó ejò sí i lọ́jọ́ náà. Wọ́n á tan iná sí ráàkì òfìfo fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á fi tẹmọ́mítà sínú ike kọ̀ọ̀kan, ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Òkè sábà máa ń gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ. Ọ̀sán kì í rí bí òru, ẹ̀ẹ̀rùn kì í rí bí ìgbà òtútù. Ìgbà tí gbogbo ike bá dúró sójú ìwọ̀n láìyẹ̀ ni ejò tó lè wọlé.

EJÒ KÌ Í KÉ

Ajá tí iná jó á hó. Ológbò á fò sókè, á sá lọ. Ejò kò ní ohùn tí yóò fi ké. Ohun tó tún burú ni pé kì í tètè kúrò lórí ohun tó ń jó o ní ikùn. Àwọn dókítà ẹranko ti rí ejò púpọ̀ tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ lórí ibi gbígbóná títí awọ ikùn rẹ̀ fi bó. Olówó rẹ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráàkì láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń rò pé àlàáfíà ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ejò. Kòkòrò dúdú ni wọ́n, wọn kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, abẹ́ ìpẹ́ ejò ni wọ́n ń sá sí. Nínú ráàkì, ike sún mọ́ ike, nítorí náà bí ejò kan bá kó o wá láti ọjà, kò pẹ́ tí gbogbo ilé yóò fi ní in. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í kó ejò tuntun sínú ráàkì lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Wọ́n á kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ sí yàrá mìíràn fún oṣù mélòó kan.

Ewu dúrọ́ọ̀ nìyẹn. Ohun tó bá wà nínú dúrọ́ọ̀, èèyàn lè gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó ní ejò kan nínú gíláàsì ń rí i lójoojúmọ́. Ẹni tó ní ogójì nínú dúrọ́ọ̀, ìgbà tó bá fà á síta nìkan ni yóò rí i.

ÌJÀ TÓ WÀ NÍLẸ̀

Láàárín àwọn olùsìn ejò fúnra wọn, ọ̀rọ̀ ráàkì ti di ìjà. Apá kan ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Wọ́n ní ejò tó ń jẹun, tó ń bọ́ awọ dáadáa, tó ń bímọ lọ́dọọdún, kí ni wọ́n fi ṣe é? Wọ́n ní ihò ọ̀gán há ju ike lọ. Apá kejì ní ìyà ni, wọ́n ní ẹ̀wọ̀n lásán ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ RSPCA tó ń gbèjà ẹranko ní ibi tí ejò ń gbé gbọ́dọ̀ tó kí ó lè na ara rẹ̀ tán gbọnrangandan. Ní Jámánì, láti 1997 ni ìlànà ti wà tó ń fi gígùn ejò díwọ̀n ibùgbé rẹ̀. Ẹ wá wo ike inú ráàkì: ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń lò fún ejò tó ti dàgbà kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Abo tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 ààbọ̀ kò lè na ara láéláé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó lè lo ọgbọ̀n ọdún.

Ọ̀rọ̀ pé inú ihò nìkan ni erè ọba ń gbé pẹ̀lú, ilẹ̀ Nàìjíríà níbí ni ẹ̀rí ti jáde pé kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ní 1998, àwọn onímọ̀ méjì láti Ítálì, Luca Luiselli àti Francesco Angelici, tẹ ìwádìí wọn jáde lórí erè ọba inú igbó ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé eku àti irú rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ àwọn abo ńlá, ṣùgbọ́n ẹyẹ ni àwọn akọ ń jẹ jù. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ kì í gbé inú ihò ilẹ̀. Orí igi ni akọ náà ń gùn lọ bá a! Ejò tó ń gun igi lóru nínú igbó wa, tí wọ́n wá ti mọ́ inú ike tí kò ga ju ínṣì 6 lọ, ǹjẹ́ a lè sọ pé kò sí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

IHÒ TÓ NÍ ẸNU Ọ̀NÀ

Èèyàn kò ní purọ́ kó ní ráàkì kò wúlò. Fún ọmọ ejò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí ẹ̀rù ń bà, ike kékeré ló dára jù. Níbẹ̀ ni yóò ti kọ́ oúnjẹ jíjẹ. Fún ejò tó ń ṣàìsàn, fún èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀, ráàkì tí wọ́n kàn dáadáa kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n ihò ọ̀gán tí wọ́n fi ń gbèjà ara wọn ní ohun kan tí ike kò ní. Ó ní ẹnu ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, erè ọba á yọ orí, á jáde, á wá eku, á gun igi, á mu omi, á padà wálé nígbà tó bá wù ú. Yàrá ìsùn ni ihò jẹ́ fún un. Kì í ṣe gbogbo ilé.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kan ráàkì fún ejò tó ti dàgbà, kí ó wá ike tó gùn jù tó sì ga jù tó lè rí, kí ó fi ẹ̀ka igi sí i, kí ó sì máa mú ejò náà jáde. Bí àyè bá wà, kí ó ṣe àpótí ńlá fún un. Bí àyè kò bá sí, kí ó dín iye ejò kù. Ọmọ tí a lè tọ́ là ń bí. Kí ó sì ra èyí tí wọ́n bí nílé, kí ó fi èyí tí wọ́n wú nínú ihò ní Togo àti Benin sílẹ̀ síbi tí Ọlọ́run fi í sí.

Ní Ouidah, àwọn tó ń tọ́jú ilé òrìṣà erè ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún erè wọn láti jáde lóru. Àwọn kan á rìn dé ìgboro, àwọn kan á wọ ilé onílé, àwọn aráàlú á sì gbé wọn padà láàárọ̀. Wọn kò ní thermostat, wọn kò ní ike, wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ ráàkì. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ejò a máa jáde lálẹ́.